Ìkókó, Fáírọ́ọ̀sì àti Yàrá Ìyá

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà níjòókòó, mo kí yín o. Ìbéèrè kan ni wọ́n ní kí n wá dáhùn, òun náà sì ni àwọn òbí máa ń bi wá nígbà tí ọmọ wọn bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì: báwo ni ọ̀fìnkìn tó mú bàbá fún ọjọ́ mẹ́ta péré, tó ń fún imú tó sì ń lọ síbi iṣẹ́, ṣe wá di ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ oṣù méjì lè mí? Fáírọ́ọ̀sì kan náà ni, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ti kó o.

Èsì tí wọ́n sábà máa ń fún wọn ni pé ara ọmọ ò tíì lágbára. Èmi ò fẹ́ràn èsì yẹn. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ ó máa ń ṣini lọ́nà, nítorí ẹni tó bá ti gbà pé ara ọmọ òun kò lágbára, ohun tó máa fún un lágbára ni yóò máa rà kiri. Ohun tí mo wá sọ ni pé ara ìkókó mọ ìjà jà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ náà sì gba pé kó máa kó ara rẹ̀ níjàánu. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wá ká a mọ́ ẹnu iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló yẹ kí ààbò àkọ́kọ́ ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀tá. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń da ọ̀nà èémí ọmọdé láàmú kò kéré níye. Rhinovirus wà níbẹ̀, òun ló ń fa ọ̀pọ̀ ọ̀fìnkìn tí a ń rí. Fáírọ́ọ̀sì flu wà níbẹ̀, àti parainfluenza, àti metapneumovirus tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mọ̀ ní Netherlands lọ́dún 2001. Kòrónà náà ti wá kún wọn. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, RSV, ìyẹn respiratory syncytial virus, ni baba wọn. Ara àwọn ẹranko chimpanzee kan tí ọ̀fìnkìn ń bá jà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1956. Kò pẹ́ sígbà náà ni Robert Chanock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára àwọn ọmọ ọwọ́ tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe. Agbára káká ni ẹ fi máa rí ọmọ ọdún méjì tí kò tíì kó o rí.

Àwọn tó ṣírò ti ọdún 2019 fún gbogbo àgbáyé sọ pé láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, RSV wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 33. Mílíọ̀nù 3.6 nínú rẹ̀ ló di ti ọsibítù. Àwọn tó bá a lọ ju 100,000 lọ, nǹkan bí 45,700 nínú wọn ni kò sì ju ọmọ oṣù mẹ́fà lọ. Nínú gbogbo ikú yìí, ó ju 97 nínú 100 tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi oṣù mẹ́fà yẹn sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Imú tàbí ojú ni RSV ń gbà wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà láti ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ kan ikun tí kò sì fọ̀ ọ́. Tó bá tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, imú ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní kọjá ibẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àrùn náà á sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀fun wọn, títí á fi dé àwọn òpó èémí tó kéré jù lọ, àwọn tí fífẹ̀ wọn kò tó mìlímítà kan. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú òpó wọ̀nyí ní irun wínníwínní lórí, irun náà kì í sinmi, ṣe ló ń fì síwájú sẹ́yìn tọ̀sán tòru, tó ń ti ikun àti ìdọ̀tí padà sókè sí ọ̀nà ọ̀fun. Sẹ́ẹ̀lì onírun yìí gan-an ni RSV ń wọ̀. Bó bá ti wọ̀ ọ́, irun á dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì á wú, á ṣí kúrò lára ògiri, á já sínú òpó. Ara á ránṣẹ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil, wọ́n á sì rọ́ wọlé. Bí a bá fa omi láti inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí RSV ti dá wó, nǹkan bí mẹ́rin nínú sẹ́ẹ̀lì márùn-ún tí a máa bá níbẹ̀ ló jẹ́ neutrophil. Àwọn náà á kú síbẹ̀. Òkú sẹ́ẹ̀lì, òkú neutrophil, ikun tó ki àti omi tó ń jò látinú ẹ̀jẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á dí ọ̀nà pa.

Ìṣirò kan wà nídìí èyí tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Bí òpó bá dín kù sí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, wàhálà tí afẹ́fẹ́ máa ṣe kó tó gba inú rẹ̀ kọjá kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ló ń dà. Òpó àgbàlagbà lè wú díẹ̀ kó má tilẹ̀ mọ̀. Bí ti ìkókó bá wú ní ìwọ̀nba kan náà, ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Ohun tó fà á nìyí tí awọ ara abẹ́ ìhà rẹ̀ fi ń wọlé sínú nígbà tó bá ń mí, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí èémí rẹ̀ sì ń dún bíi súfèé. Torí náà kí ẹnikẹ́ni tó dá ara ọmọ lẹ́bi pé kò mọ ìjà jà, kó rántí pé òpó kékeré ni ìkókó fi ń mí. Bí ara rẹ̀ tiẹ̀ jà bíi ti àgbà gẹ́lẹ́, ìdọ̀tí tó máa kù lójú ìjà ṣì máa dí i lọ́nà.

Ó wá ku ìjà náà fúnra rẹ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ní ohun tó fi ń mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé. Bó bá ti fura, á tú èròjà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ interferon. Interferon kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ṣe ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí lólobó kí wọ́n tètè tilẹ̀kùn. RSV mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi ní purotéènì méjì, NS1 àti NS2, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa olobó yẹn mọ́lẹ̀. Lára àgbàlagbà, olobó ṣì máa ń jáde dé àyè kan. Lára ìkókó, pàápàá ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n tú interferon jáde jù kì í tú u tó ti àgbà. Ká tó lajú, fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kan àwọn sẹ́ẹ̀lì T, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn tó ń bá ara jà. Kí n má fi orúkọ oríṣiríṣi da yín láàmú: ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn olùrànlọ́wọ́ nínú wọn lè gbà darí ìjà. Ọ̀nà kan dára fún pípa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. Ọ̀nà kejì dára fún lílé aràn jáde, ikun púpọ̀ ló ń mú wá, òun náà ló sì máa ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ní ikọ́ fée. Ti ìkókó tẹ̀ sí ọ̀nà kejì yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé àṣìṣe Ẹlẹ́dàá ni, kó wo ibi tí ọmọ náà ti ń bọ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gbé nínú ara ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lára ìyá ló ṣàjèjì sí i, nítorí ìdajì ohun tí ó jogún ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Sẹ́ẹ̀lì ìyá pàápàá ń gba ibi ọmọ kọjá bọ́ sínú rẹ̀. Bí ọmọ inú bá ní kí òun máa bá gbogbo àjèjì jà, àti òun àti ìyá rẹ̀ ni ìjà náà máa bá lọ. Ìyẹn ló fà á tó fi ní sẹ́ẹ̀lì T kan lọ́pọ̀ yanturu tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa pẹ̀tù sí ìjà. Bí wọ́n bá sì ti bí i, iṣẹ́ mìíràn tún dé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, bakitéríà tí kò níye á kún inú ìfun rẹ̀, àwọn tó sì máa ràn án lọ́wọ́ láti da oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó gbọ́dọ̀ gbà wọ́n láyè. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí kan fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó, tó pọ̀ lára ọmọ eku tuntun àti nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ènìyàn, ló ń di àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jà lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n dín wọn kù lára ọmọ eku, eku náà túbọ̀ lè bá àrùn jà lóòótọ́, àmọ́ ìfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń wú, nítorí àwọn bakitéríà tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí ìjánu yẹn wà fún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn egungun àyà tó ń jẹ́ thymus. Ó tóbi lára ọmọ ọwọ́, ó sì máa ń sún kì bí ènìyàn bá ń dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn dókítà rí i pé ó tóbi lára àwọn ọmọ tó kú lójijì, wọ́n ní òun ló fún wọn lọ́rùn. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín ní ìtànṣán X-ray kó lè sún kì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ló wá ní jẹjẹrẹ inú ọrùn nígbà tí wọ́n dàgbà. Ó di ọdún 1961 kí Jacques Miller tó fi hàn pé inú thymus yìí gan-an ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń kọ́ṣẹ́. Ohun tó yẹ kó tóbi lára ọmọ ni wọ́n pè ní àrùn. Ìtàn yìí ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ní kí n kọ oògùn tó máa gbé ara ọmọ òun dìde.

Ó dáa. Ta ló wá ń ṣe ọmọ léṣe: fáírọ́ọ̀sì ni, àbí ìjà ara? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjà ara ni wọ́n di ẹrù ẹ̀bi rù, pé ara ọmọ ń jà ní àjàjù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn steroid tó ń paná ìjà ara yẹ kó wo ọmọ sàn. Wọ́n dán an wò dáadáa lára àwọn ìkókó tí òpó èémí wọn wú, kò sì dín ọjọ́ tí wọ́n lò ní ọsibítù kù. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí kan tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìkókó tí RSV àti flu pa. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n bá níbẹ̀ rẹpẹtẹ, pẹ̀lú òkú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T apani, àwọn tó yẹ kó ti wá pa sẹ́ẹ̀lì tó lárùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Lójú tèmi, ìwádìí yẹn ló tọ́ ọ̀rọ̀ sọ́nà jù: lára àwọn tó kú, ìjà tó yẹ kò tètè dé, èyí tó dé ni ti neutrophil, tí kì í wojú ẹni tó ń lù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí lára gbogbo ọmọ, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan wà tí fáírọ́ọ̀sì ti dín kù lára wọn kí ìmí wọn tó le, ti àwọn yẹn jọ ìjà tó gbẹ̀yìn dé tó sì kọ̀ tí kò parí.

Bí a ṣe lè kọ́ ara ìkókó ní ìjà tí kò yẹ, ẹ̀kọ́ kan wà tí ó dunni. Lọ́dún 1966, ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú RSV, wọ́n fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ formalin pa á, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ ọwọ́. Ọ̀nà yìí kan náà ti ṣiṣẹ́ fún abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀. Nígbà tí àsìkò RSV gidi dé, nínú àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà tí wọ́n sì kó àrùn, 80 nínú 100 ni wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Lára àwọn tí kò gbà á, 5 nínú 100 ni. Méjì nínú àwọn tó gbà á kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní F ni RSV fi ń wọ sẹ́ẹ̀lì. Ìrísí méjì ló ní: ọ̀kan kó tó wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Formalin ti ba ìrísí àkọ́kọ́ jẹ́, ti ẹ̀yìn nìkan ló kù nínú abẹ́rẹ́. Áńtíbọ́dì ni èròjà tí ara ń ṣe láti fi lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì kó lè dá a dúró. Èyí tí ara àwọn ọmọ náà ṣe mọ ojú fáírọ́ọ̀sì lọ́nà tí kò wúlò, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn láìlè dá a dúró. Bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n kóra jọ sínú òpó èémí, wọ́n tún fa wàhálà síbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T náà sì ti kọ́ ọ̀nà kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà ikun. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ RSV fún ọmọ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2013 ni Jason McLellan, Barney Graham, Peter Kwong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yàwòrán F bó ṣe rí kó tó wọlé, wọ́n sì wá ọgbọ́n dì í mú kó má bàa yíra padà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Ọ̀nà náà kò sì gba ara ọmọ kọjá. Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ ogun, ó ní kógun ó wá, ó ní bógun bá dé òun á kó sí yàrá ìyá òun. Ọmọ tí kò mọ ewu ni wọ́n fi ń bú. Tó bá di ti RSV, ọmọ náà jàre.

Láti nǹkan bí oṣù kẹrin oyún ni áńtíbọ́dì tó ń jẹ́ IgG ti ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá bọ́ sínú ti ọmọ. Kì í jò kọjá bẹ́ẹ̀ ṣá o. Ohun kan wà lára ibi ọmọ tó ń dì í mú, tó ń gbé e kọjá, tó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ní òdìkejì. Iṣẹ́ yìí máa ń yá sí i bí oyún bá ṣe ń dàgbà, ìgbà tó sì ń pọ̀ jù ni oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ọmọ tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 28 sí 32 nínú oyún ní nǹkan bí ìdajì ohun tí ìyá rẹ̀ ní. Ọmọ tó bá pé oṣù lè ní ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n bí láìtọ́jọ́: ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì pé, òpó èémí rẹ̀ kéré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀, áńtíbọ́dì tó yẹ kó gbà lọ́wọ́ ìyá kò sì tíì pé kí wọ́n tó bí i. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn ni RSV ń mú mọ́lẹ̀ jù.

Ohun tí ìyá fún ọmọ kì í sì í pẹ́ títí. Láàárín oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ, lóṣù tó tẹ̀ lé e ìdajì èyí tó kù á tún lọ. Bí áńtíbọ́dì RSV bá sì kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ lásìkò náà, kíá ni ọmọ máa dé ibi tí kò ní sí ààbò mọ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ikú ti pọ̀ jù.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni pé kí wọ́n fún ìyá ní abẹ́rẹ́ kí ohun tó máa fún ọmọ lè pọ̀. Ìṣirò ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023, nínú èyí tí àwọn aláboyún gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi F tó wà ní ìrísí àkọ́kọ́ ṣe, ni pé ó dín àìsàn ẹ̀dọ̀fóró RSV tó le kù ní nǹkan bí 82 nínú 100 láàárín 90 ọjọ́ àkọ́kọ́ ọmọ, àti nǹkan bí 69 nínú 100 títí di 180 ọjọ́. Ẹ rí i bó ṣe ń dín kù: bí áńtíbọ́dì ìyá ṣe ń tán lọ náà ni. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fún ọmọ fúnra rẹ̀ ní áńtíbọ́dì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Palivizumab ló ti wà láti 1998, àmọ́ oṣooṣù ni wọ́n ń gún un, owó rẹ̀ sì ga débi pé àwọn ọmọ tí ewu wọn pọ̀ gan-an nìkan ni wọ́n ń fún. Nirsevimab tó dé lọ́dún 2022 yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni, ó sì tó oṣù márùn-ún kó tó lọ tán. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Faransé, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì, ó dín àwọn ọmọ tí RSV gbé dé ọsibítù kù ní nǹkan bí 83 nínú 100. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú ọ̀kan nínú méjèèjì lò. Kò sí èyí tó ń kọ́ ara ọmọ ní ìjà nínú wọn. Àkókò ni wọ́n ń rà fún un, kí òpó rẹ̀ fẹ̀ sí i, kí ìjánu ara rẹ̀ sì tú díẹ̀díẹ̀.

Omi ọmú ń ṣe tirẹ̀, lọ́nà mìíràn. Áńtíbọ́dì inú rẹ̀, IgA, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹnu, ọ̀fun àti ìfun ló ń kùn. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì ní àwọ̀ ìyeyè, ló ní in jù. Mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń fún un dànù pé ó dọ̀tí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìkókó kò lè ṣe áńtíbọ́dì tirẹ̀. Ó ń ṣe é. Àwọn olùwádìí ti yẹ áńtíbọ́dì àwọn ọmọ tí RSV mú wò, wọ́n sì bá àwọn kan tó lágbára gan-an láti dá fáírọ́ọ̀sì dúró, bẹ́ẹ̀ kò tíì gba ìtúnṣe tí ti àgbà máa ń gbà kó tó mú. Ohun tó jẹ́ ìṣòro ni pé ó kéré, kì í sì í pẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà náà kò yege níbi RSV. Gbogbo wa la ń kó o léraléra títí a ó fi darúgbó, nítorí ìrántí tí ara ń ní nípa rẹ̀ nínú imú kì í gbé pẹ́.

Kòrónà ló tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa sí i. Nígbà tó dé, a ṣe bí ẹni tí yóò pa àwọn ọmọdé tán. Kò rí bẹ́ẹ̀, fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ó rọrùn. Ìwádìí kan láti Jámánì lọ́dún 2021 fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì inú imú ọmọdé ti wà lójúfò kí kòrónà tó kàn án: àwọn èròjà tó ń mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì wọlé pọ̀ níbẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, interferon sì tètè jáde. Ọmọ tí a ní ara rẹ̀ kò lágbára ló yára ju bàbá rẹ̀ lọ yìí. Ó dá lórí irú fáírọ́ọ̀sì tó bá pàdé.

Lórí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá, kí n sọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí RSV tàbí rhinovirus gbé dé ọsibítù ni èémí wọn ṣì máa ń dún bíi súfèé fún ọdún mélòó kan. Àwọn tí rhinovirus ṣe bẹ́ẹ̀ fún ni ikọ́ fée sábà máa ń bá dàgbà jù. Bóyá fáírọ́ọ̀sì ló ba òpó náà jẹ́, àbí òpó tó ti fẹ́ ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì rí ṣe, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí ẹ kọ ránṣẹ́ síwájú.

Ìyá kan béèrè pé ọ̀fìnkìn mú òun, ṣé kí òun dá ọmú dúró? Rárá o. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi nǹkan bo imú àti ẹnu, kẹ́ ẹ sì máa fún un lọ. Áńtíbọ́dì tí ara yín ń ṣe sí ọ̀fìnkìn yẹn ń bọ̀ nínú omi ọmú náà.

Bàbá kan ní ṣé kí àwọn ra áńtíbáyótíìkì sílé? Bakitéríà ni áńtíbáyótíìkì ń pa, kò rí fáírọ́ọ̀sì ṣe. Bí dókítà bá fura pé òtútù àyà tí bakitéríà fà ti bá a wọlé, òun ni yóò kọ ọ́. Ohun tí ọmọ tí RSV mú nílò ni kí imú rẹ̀ mọ́, kó rí omi ọmú mu díẹ̀díẹ̀ nígbà púpọ̀, kó sì rí ọ́síjìn bí tirẹ̀ kò bá tó. Láti ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ló sábà máa ń le jù, torí náà bó bá dára lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣì máa ṣọ́ ọ.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti le? Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò láyà nígbà tó bá dákẹ́ tàbí tó ń sùn. Ẹ wo ikùn àti àyà bó ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìdajì ìṣẹ́jú kò tó, nítorí mímí ìkókó kì í lọ déédéé. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ti yára jù. Láti oṣù méjì títí kó tó pé ọdún kan, 50 ni ààlà. Ẹ tún wo abẹ́ ìhà rẹ̀ bóyá ó ń wọlé. Bó bá ń kérora ní gbogbo ìgbà tó bá mí jáde, bí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá ń dúdú bíi aró, bó bá ń dá èémí dúró, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ọsibítù ni.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn: ara ọmọ kò gbóná, ṣé a lè fọkàn balẹ̀ nígbà náà? Ibà fúnra rẹ̀ wà lára ìjà ara, mo sì ti sọ pé ìjà ìkókó kì í rí bíi tiwa. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná tó 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ọmọ tó kéré gan-an lè wà nínú ewu kí ara rẹ̀ má gbóná rárá, ó tiẹ̀ lè tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tutù, tó ń sùn ṣáá, tí kò sì gba ọmú, ẹ má dúró de ibà kẹ́ ẹ tó gbé e jáde nílé.